Ẹnu Olólùfẹ́ ni Ikọ̀ Ń Gbé: Àgbéyẹ̀wò Iyàn Bọ́ọ̀lù Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ láti Ojú Ẹlẹ́gbà

Kò sí ẹni tí ó mọ Ojú Ẹlẹ́gbà dénú tí yóò bá mi jiyàn bí mo bá wí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ti ń gbóná jù lọ ní Èkó Àkéte, Èkó aromisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Nítorí oríta ni, oríta sì ni ibùjókòó Èṣù Láaróyè, Láàlú ògiri òkò, ẹni tí ojúbọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtitẹ́ afárá ọlọ́kọ̀ sí àdúgbò náà, tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́ ọn lára títí di òní. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Yábàá, Múṣin, Ìtirẹ̀ àti Akọ́kà ti ń pàdé ara wọn. Kò jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Sùúrùlérè ní ọdún 1972, èyí tí a fi gba àlejò eré gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kìíní ọdún 1973. Kò jìnnà sí èyí tí a fi orúkọ Teslim Balógun pè, tí ó dojú kọ ọ́. Rowe Park wà ní Yábàá, Yunifásítì Èkó sì wà níwájú díẹ̀ sí i, ní Akọ́kà, létí ọ̀sà.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọkùnrin á ti yí tábìlì oníwèé ìròyìn po. Oníwèé ìròyìn á ti fi òkúta tẹ etí ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ danfó má bàa gbé e lọ. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́ àkọlé gàdàgbà tí ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tí ó lówó á ra tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ráyè kà á tán kí ẹni mẹ́ta tó na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fi sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi,” tí ẹ̀gbọ́n náà yóò sì dá a lóhùn pé, “Àbúrò, nígbà tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọn kò tíì bí ọ,” ọ̀rọ̀ á sì di ti gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Arsenal ni, Chelsea ni, Manchester United ni. Wọ́n lè ka orúkọ àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn ìlà ní Lọ́ńdọ̀nù láìfi ẹnìkan sílẹ̀. Bí ẹ bá sì bi wọ́n léèrè orúkọ ẹnìkan ṣoṣo nínú ikọ̀ Yunifásítì Èkó, UNILAG Marines, tí ó jẹ́ pé owó ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu á wọ́hò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá ti máa ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti básíkẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe fún wa rí, ibi tí ó gbà lọ, àti ohun tí irú rẹ̀ ń ṣe ní ibòmíràn. Èrò tèmi ni pé ẹnu àwọn olólùfẹ́ ni ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbé. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ó wà. Bí wọ́n bá kó ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé onílé, àwọn ọmọ náà yóò máa gbá bọ́ọ̀lù wọn, wọn yóò máa làágùn, wọn yóò máa gba ife, ṣùgbọ́n ìlú kò ní mọ̀ pé wọ́n wá sáyé.

Àwọn àgbà a máa pìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tí oko wọn kángun síra, tí Èṣù gba ojú ààlà wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tí apá kan rẹ̀ dúdú, tí apá kejì sì pupa. Ọ̀kan ní fìlà dúdú ni òun rí, èkejì ní irọ́ ni, pupa ni, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìjà ìgboro. Wọ́n sábà ń fi ìtàn náà bá oníjà wí, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Síbẹ̀, mo rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: bí àwọn méjèèjì bá ti panu mọ́ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kọjá lójú ààlà? Iyàn wọn ni ó sọ fìlà náà di ohun tí ọmọ-ọmọ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rí. Ohun tí a kò bá bá ara wa jiyàn lé lórí, a kì í rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Iyàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíramà ni ó bí i: CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní 1859, King’s College ní 1909, Saint Gregory’s ní 1928, Igbóbì College ní 1932, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ife tí wọ́n ń dù, tí wọ́n ń pè ní Zard Cup nígbà kan, tí ó wá di Principals Cup, kì í ṣe ife àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ti ìyá tí ń tajà ní Yábàá ni, ti akọ̀wé tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ogún ọdún sẹ́yìn ni, ti télọ̀ tí kò tilẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíramà rí, ṣùgbọ́n tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ń gbá ọwọ́ òsì. Ní ọjọ́ ìdíje, odidi ilé-ẹ̀kọ́ a fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá ìṣeré Oníkàn pẹ̀lú orin lẹ́nu, tẹni ń lọ tẹni ń bọ̀ a sì mọ̀ nípa orin náà bóyá ayọ̀ ni tàbí ìjà. Mo mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀. Wọ́n ju òkò, wọ́n ya aṣọ ara wọn, òmíràn nínú àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gbàdúrà kí ọjọ́ náà kọjá ní àlàáfíà. N kò yin ìjà náà. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí kò bá ka nǹkan kún kì í jà nítorí rẹ̀.

Lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, èyí tí iyàn náà sọ di ńlá jù lọ ni Saint Finbarr’s College, Akọ́kà, tí Fadá Denis Slattery, òyìnbó ará Ireland tí ó tún jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, dá sílẹ̀ ní 1956. Ọmọdé ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Fadá náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dé góńgó, ó sì gbà pé ẹsẹ̀ àti ìwé lè jọ wà nínú ọmọ kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ wa tí ó gba ife Áfíríkà ní 1994, tí ó sì tún padà gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013. Níbẹ̀ ni Henry Nwosu ti jáde, ọ̀dọ́mọdé tí ó wà nínú ikọ̀ wa tí ó gba ife Áfíríkà ní 1980. Níbẹ̀ ni Nduka Ugbade ti jáde, balógun àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 16 lọ, tí wọ́n gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1985. Bí ẹ bá wò ó, ìlú kò dúró kí Keshi wọ aṣọ Nàìjíríà kí wọ́n tó máa jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn ará Yábàá ti ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé ilé-ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí iyàn olólùfẹ́ ń ṣe tí owó kò lè ṣe: òun ni ó ń fún eléré ní oríkì. A kò mọ akọni kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní oríkì, a kò sì mọ ìran tí ó tọ́jọ́ láìsí ẹni tí ń kì í. Nígbà tí Ernest Okonkwo ń sọ bí bọ́ọ̀lù ti ń lọ lórí rédíò, tí gbogbo Ojú Ẹlẹ́gbà ń fetí lé e, ó fi ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní aṣọ oyè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pọ́lì Ìbàdàn, di “Mathematical”. Adokiye Amiesimaka, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, di “Chief Justice”. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá Sùúrùlérè yìí kan náà, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudá Lawal gbá ẹyọ kan, ìlú sì mọ̀ pé àwọn ọmọ tí ó ka ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe é. Samuel Okwaraji pẹ̀lú, amòfin tí ó kàwé ní Ítálì, tí ó ṣubú lórí pápá náà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 nígbà tí a ń bá Angola gbá, tí kò sì dìde mọ́: kò sí ọdún tí oṣù kẹjọ dé tí àwọn tí ó wà ní pápá lọ́jọ́ náà kì í dárúkọ rẹ̀. Oríkì wọn kò parẹ́ nítorí ẹnu kò dákẹ́.

Ní ti yunifásítì, àwọn márùn-ún tí ó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ yìí ni wọ́n para pọ̀ dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá wọn, NUGA, sílẹ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970, tí ìdíje àkọ́kọ́ sì wáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1966. Akọ́kà gba àlejò ìdíje náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní 2018, àwọn kan tún dá líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní HiFL. UAM Tillers láti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Makurdi ni ó gba ife àkọ́kọ́, UNICAL Malabites láti Calabar sì gba ti 2019. Wọ́n fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí a lè fi pè é: OAU Giants, UI Pioneers, LASU Blazers. Orúkọ dára, ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá kàn kọ sára aṣọ kò tíì di oríkì. Ẹnu ará ìlú ni ó gbọ́dọ̀ gbé e.

Ohun kan sì wà tí ó ba ìgbàgbọ́ àwọn olólùfẹ́ jẹ́, tí a kò gbọdọ̀ fi bò: ìwà mímú agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kí a sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ife. Láti ilé-ẹ̀kọ́ gíramà dé yunifásítì ni àrùn yìí ti ràn. Ta ni yóò fi tọkàntọkàn jiyàn lórí ọmọ tí kò mọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣojú fún? Ẹ tún fi kún un pé nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí ilé gorí pápá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kò sì mọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn mọ́ nígbà tí wọ́n padà wá a wò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí a ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù, tí ó sì ti dunni jù. Ọmọ Èkó kan wà tí a bí ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì, tí ó ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Muslim Teachers College. Ó ga bí ọ̀pẹ. Ó ti di géńdé kí ó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Gàníyù Ọ̀tẹ́nigbádé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, Richard Mills, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, sì rí i ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Hakeem Ọlájuwọ́n ni. Ní 1980, ó gbéra lọ sí Yunifásítì Houston ní Texas, lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis. Láàárín ọdún mẹ́rin, ilé-ẹ̀kọ́ náà wọ ìpele àwọn mẹ́rin tí ó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn, 1982, 1983 àti 1984. Ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń da àwọn òmìrán láàmú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ní orúkọ “Dream Shake”, òun fúnra rẹ̀ sọ pé inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni òun ti mú un.

Ẹ wá wo ohun tí ẹnu olólùfẹ́ ṣe fún un níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn Houston Post kan, Thomas Bonk, fún ikọ̀ náà ní oríkì “Phi Slama Jama” nítorí bí wọ́n ti ń fò gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ìlú gbà á, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ, wọ́n ń fi yangàn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ní Albuquerque, wọ́n bá North Carolina State pàdé nínú àṣekágbá, ikọ̀ tí kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè nà wọ́n. Houston síwájú, Lewis sì ní kí wọ́n dẹ eré, kí wọ́n máa fi àkókò ṣòfò. Bọ́ọ̀lù òmìnira tí wọ́n ń jù kò wọlé bí ó ti yẹ. Àmì di 52 sí 52. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó kù nígbà tí Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Kò dé ibi tí ó ń lọ. Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fò mú un lábẹ́ agbọ̀n, ó tì í wọlé, aago sì dún. 54 sí 52. Ọlájuwọ́n, tí ó ju àmì 20, tí ó sì gba bọ́ọ̀lù 18 lábẹ́ agbọ̀n, ni wọ́n fún ní oyè eléré tí ó dára jù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ ni ó pàdánù.

Ọdún tí ó ju 40 lọ ti kọjá, iyàn náà kò tíì parí. Kí ni ó mú Lewis dẹ eré? Ibo ni ó yẹ kí Ọlájuwọ́n dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lójú ọ̀run? Bí Clyde Drexler, tí òun náà wà nínú ikọ̀ Houston, kò bá tètè gba ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ ńkọ́? Bàbá ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ọmọ tí kò tíì dáyé lọ́dún náà a máa bá bàbá rẹ̀ jiyàn lé e. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tún dé àṣekágbá ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí Florida sì nà wọ́n ní 65 sí 63, àmì méjì péré bíi ti àtijọ́, kò sí ẹni tí ó nílò láti ṣàlàyé fún ará Houston ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rò wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní ikọ̀ tí ń gbé ẹnu olólùfẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí pé ọmọ wa ni ó wà ní àárín ìtàn náà, tí ó jẹ́ pé àwọn ará Texas ni wọ́n ń pa á, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Sùúrùlérè tí ó ń ju bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ǹtì tí ó ti là ní Rowe Park kò sì mọ̀ ju pé ọkùnrin kan wà tí ó gba ife NBA ní 1994 àti 1995.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun tí ń bẹ lọ́hùn-ún ni ó dára. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn. Pápá Yunifásítì Michigan nìkan gba ènìyàn tí ó ju 107,000 lọ. Christian Okoye tí ó ti Enugu lọ sí Azusa Pacific nítorí àwo jíjù, tí wọ́n wá kọ́ ní eré yìí, ni ó fi ẹsẹ̀ sáré jù nínú gbogbo NFL ní 1989. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí eré wọ̀nyí ń pa wọ inú àpò gbogbo ènìyàn àfi ọmọ tí ó gbá a, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì jẹ́ gbogbo ohun tí òfin gbà pé kí ó rí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ pa owó; láti oṣù keje ọdún 2025, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè sanwó fún wọn, tí gbèdéke ọdún àkọ́kọ́ sì tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá wọlé pẹ̀lú ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tú bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí òfin ìwọ̀lú kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bó ti wù ú. Bí owó ti wọlé ni iyàn olólùfẹ́ ń yí padà: ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lónìí lè wà ní òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì mọ́ ẹnu tán kí ó tó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ wọn tọ́jọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tú.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn ọkùnrin ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ láìfi epo bọyọ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwọ̀nba ni ikọ̀ Nàìjíríà tí ó ń ṣe bí àwọn obìnrin tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, D’Tigress: wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, márùn-ún léra wọn. Ní Paris ní 2024, wọ́n di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú básíkẹ́ẹ̀tì Òlíḿpíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà kọ́ ní eré náà. Evelyn Akhator, tí ó gba Yunifásítì Kentucky kọjá, ni wọ́n mú ṣe ẹnìkẹta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ WNBA ń yan eléré ní 2017. Mélòó ni iyàn tí mo ti gbọ́ lórí wọn lábẹ́ afárá? Bí wọ́n bá gba ife, a ó kí wọn kú oríire ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, a ó padà sórí Arsenal. Ìwà àìmoore ni. Ọmọbìnrin tí ó ń ju bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Múṣin, tí ó sì kópa nínú ìdíje Milo tí a ti ń ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíramà láti 1999, ó yẹ kí ó gbọ́ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀nyí lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ wa ṣe ṣí kúrò nílé? Tẹlifíṣọ̀n onísátẹ́láìtì ni ó kọ́kọ́ gbé e lọ ní àwọn ọdún 1990, tí ilé ìwòran sì wà ní gbogbo òpópónà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó dára ń fa ojú. Ohun tí ó burú jù ni kàlòkàlò orí bọ́ọ̀lù tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ti fi owó lé ìdíje mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ìfẹ́ sí bí góòlù ti wọlé mọ́. Kí ó ṣáà ti wọlé ni. Mo ti tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí: kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ilé-ẹ̀kọ́, kò ní àdúgbò, bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì ti já, ó kú nìyẹn. Iyàn Zard Cup kì í kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Àwọn kan yóò wí pé ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ wa kò dára tó láti wò, pé pápá kò gún, pé iná kò sí, pé ìjókòó ti fọ́. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n èwo ni ó ṣáájú? Pápá Oníkàn ìgbà náà kò ní àga onítìmùtìmù, bàtà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì dọ́gba. Ènìyàn kún ibẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ni, oníṣòwò tí ó rí èrò sì wá fi owó síbẹ̀. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ GTBank gbé Principals Cup lárugẹ fún ọdún bíi mélòó kan, èrò tún padà sí i díẹ̀. Olówó kì í wá ibi tí ẹnu ti dákẹ́.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni gbohùngbohùn ni mo darí ẹ̀bẹ̀ mi sí. Bond FM àti Radio Lagos ń sọ Yorùbá fún ìlú láti òwúrọ̀ dé alẹ́, wọ́n sì ní àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù bí ẹní mọ owó. Kí ni ó dé tí wọn kò lè gbé ìdíje kan láti Akọ́kà sórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀, ti àfẹsẹ̀gbá lọ́sẹ̀ yìí, ti básíkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí olùgbọ́ pè wọlé láti jiyàn? Kí wọ́n sọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, bí Okonkwo ti ṣe, kí ìlú mọ̀ pé ẹni tí ó gbá góòlù yẹn yóò di dókítà, ẹni tí ó ṣọ́lé yẹn ń kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ilé yíyà. Kí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde náà, tí wọ́n ń pàdé lóṣooṣù láti jẹun àti láti dáwó, lọ bá àwọn àgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù ife náà kí ọjọ́ tó lọ jù, nítorí wọn kò pọ̀ mọ́; kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ta ni ó gbé bọ́ọ̀lù fún ta ni, ta ni ó wà nílé lọ́jọ́ náà, kí ni rẹfirí rí tí ó fi fọn fèrè, àti orin wo ni wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Oníkàn.